Ọdún Méjì Tí Òfin Fi Lé Ògúndé Jáde Nílé

Ní ọdún 1964, ẹni tó ń gbé Múṣíìn tó sì fẹ́ wo eré Hubert Ògúndé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kúrò ní Múṣíìn, kó kọjá sí Yábàá tàbí Èbúté Mẹ́tta. Kì í ṣe pé kò sí gbọ̀ngàn tó lè gba èrò ní Múṣíìn. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú ni Múṣíìn wà nígbà náà, òun àti Ìkẹjà, Agége, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Yábàá àti Èbúté Mẹ́tta wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn láti ibì kan dé èkejì. Ní ìhín, òṣèré ni Ògúndé, o lè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí o wọlé jókòó. Ní ọ̀hún, bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi lè pagbo eré, ọ̀daràn ni wọ́n, ẹni tó yá wọn ní gbọ̀ngàn náà sì ti di ọ̀daràn.

Ìtàn "Yorùbá Ronú" kì í ṣe tuntun létí wa. Ṣùgbọ́n bí a ṣe máa ń sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. A ó ní Ògúndé ṣe eré kan, inú bí Akíntọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n fòfin de eré náà, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eré kọ́ ni wọ́n fòfin dè, ẹgbẹ́ òṣèré ni, gbogbo ẹgbẹ́ náà pátá, tèwe tàgbà. Nínú ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ sá sí. Ibẹ̀ la ti máa mọ ìdí tí ìyà náà fi dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà la sì ti máa mọ ìdí tí ẹgbẹ́ ọ̀hún kò fi fọ́.

Ta ni wọ́n lé?

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní Òsósà, ìlú kékeré kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀, babaláwo. Ọmọ tó bá dàgbà sáàárín irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀, orin ìjọ kò ní ṣàjèjì sí i, ìlù egúngún kò sì ní dẹ́rù bà á. Ó ṣe tíṣà, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ló wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọdún 1941. Iṣẹ́ ọlọ́pàá yìí ló gbé e dé Èbúté Mẹ́tta, níbi tó ti bá àwọn ìjọ Aládùúrà pàdé. Ìjọ náà ń wá owó tí wọ́n máa fi kọ́lé Olúwa, wọ́n ní kí ọlọ́pàá tó mọ orin kọ yìí bá àwọn ṣe nǹkan. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall l'Ékòó, lórí ìtàn ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Èrò wọ́ lọ síbẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sọnù.

Ẹ má ṣe fojú kéré iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ṣe yẹn. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ ìjọba rí mọ ohun tí ìjọba ń bẹ̀rù.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ dojú kọ ọ́ kì í ṣe ti ìjọba, ti obìnrin ni. Láyé ọjọ́un, alágbe ni òṣèré lójú àwọn òbí. Ọkùnrin ń bẹ tó lè wọ ìró àti bùbá kó ṣe bí ìyàwó lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n Ògúndé fẹ́ obìnrin gidi, ó sì fẹ́ san owó oṣù fún wọn. Ó kéde nínú ìwé ìròyìn. Àwọn tó jáde wá kò pọ̀, bí wọ́n bá sì ṣe ń kọ́ṣẹ́ tán ni bàbá kan á dé láti wá mú ọmọ rẹ̀, tàbí kí àfẹ́sọ́nà kan ní òun kò fẹ́ ìyàwó tí gbogbo ayé ń wò nídìí. Ọ̀nà tó gbà yanjú rẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ wọn. Òṣèré tó bá jẹ́ ìyàwó ọ̀gá kò ní rí ẹni wá mú un lọ sílé, ilé ló kúkú wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ṣe pọ̀ tó lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ń dàgbà sórí ìtàgé. Adéṣewà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Màmá Èkó, wà lára àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé lè ní èrò tiyín nípa irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, èmi náà ní tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ìjọba òyìnbó ti dán an wò ṣáájú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1945, tí Michael Imoudu wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, Ògúndé sọ ọ́ di eré, ó pè é ní "Strike and Hunger". Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fún eré rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1946, àwọn aláṣẹ fòfin dè é níbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó tún sọ ìyẹn náà di eré, "Bread and Bullet". Kánò ni wọ́n ti fòfin de ìyẹn. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí rèé: ìlú kan kọ eré kan, Ògúndé á di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, á gba ìlú mìíràn lọ pẹ̀lú eré mìíràn. Ìfòfindè dà bí òjò. Ó ń rọ̀ ní Kánò, oòrùn ń ràn ní Ìbàdàn.

Àwọn tó ń jà

Kí ìtàn má gùn jù, màá fò wọ inú ọ̀rọ̀ òṣèlú náà. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ló ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ẹgbẹ́, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni igbákejì, òun náà ló sì jókòó sórí àga Pírímíà, ìyẹn olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, n'Íbàdàn nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó. Àárín wọn dàrú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, àga ń fò nínú ilé aṣòfin Ìbàdàn, ọlọ́pàá ta tajútajú sí wọn, ìjọba àpapọ̀ sì kéde pé nǹkan ti burú tó kí wọ́n gba ìṣàkóso lọ́wọ́ wọn. Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ni wọ́n fi ṣe alákòóso fún oṣù mélòó kan. Ní January 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 10 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ní oṣù kẹta ọdún 1964, Akíntọ́lá àti àwọn tirẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP (Nigerian National Democratic Party) sílẹ̀, èyí tí ará ilé àti ará oko ń pè ní Dẹ́mọ̀. Ilé kan náà, bàbá wà ní Dẹ́mọ̀, ọmọ wà ní Ọlọ́pẹ, wọn kì í jọ jẹun mọ́.

Awólọ́wọ̀ ní Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, ẹgbẹ́ àṣà tó ti wà láti ọdún 1945. Àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá náà fẹ́ ní ti wọn. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin sílẹ̀, wọ́n ní ìrẹ́pọ̀ gbogbo Yorùbá ni àwọn ń wá. Ìfilọ́lẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè lọ lásán láìsí eré. Ta ni èèyàn máa pè, tí kì í bá ṣe ẹni tí gbogbo Yorùbá mọ̀? Wọ́n bẹ Ògúndé níṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Eré Ògúndé ní bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìtàn kọ́ ló máa kọ́kọ́ jáde, orin ni. Àwọn obìnrin á tò jáde pẹ̀lú aṣọ kan náà, wọ́n á jó, Ògúndé fúnra rẹ̀ á dá orin, wọ́n á máa gbè. Nínú orin ìṣíde yẹn ló máa ń kó èrò ọkàn rẹ̀ sí. Ìtàn tó bá tẹ̀ lé e lè lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, orin ìṣíde ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ fún ọ.

Orin ìṣíde "Yorùbá Ronú" pe Yorùbá lórúkọ, ó ní kí wọ́n ronú. Ó ní Yorùbá ti sọ ara wọn di bọ́ọ̀lù tí ayé ń gbá sókè, tí ayé ń gbá sílẹ̀. Ẹ ronú sí i: níwájú àwọn tó ní ìrẹ́pọ̀ ni àwọn ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí nìkan ì bá ṣì ṣeé gbé mì. Ẹni tó bá ń wá ìrẹ́pọ̀ lè pàtẹ́wọ́ sí i pé, ó ṣeun, ọ̀tá wa lò ń bá wí.

Ìtàn tó tẹ̀ lé orin ni kò ṣeé gbé mì. Ọba ilẹ̀ Yorùbá kan wà, ó ní igbákejì. Igbákejì yìí bá ọ̀tá láti ìta dìmọ̀, wọ́n mú ọba àti àwọn tó sún mọ́ ọn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Igbákejì wá ń jọba, ó ń ni àwọn ènìyàn lára, títí ọ̀rọ̀ fi yí padà fún un, tí ọba sì padà sípò. Kò sí ẹni tó pe orúkọ Awólọ́wọ̀ lórí ìtàgé. Kò sí ẹni tó pe Akíntọ́lá. Ẹni tó bá sì ń sọ fún wa lónìí pé eré ìrẹ́pọ̀ lásán ni Ògúndé ṣe, pé kò fì síbì kan, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ọba tó wà lẹ́wọ̀n mélòó la ní nílẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1964?

Akíntọ́lá àti àwọn tó bá a wá dìde, wọ́n jáde tìbínú-tìbínú.

Ohun kan wà níbí tí mi ò rí kí wọ́n máa tẹnu mọ́. Ní Jọ́ọ̀sì àti Kánò, ọ̀gá òyìnbó tó fòfin de eré Ògúndé nílò kí ẹnì kan túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ fún un. Àbọ̀ rẹ̀ á sọnù sójú ọ̀nà. Akíntọ́lá kò nílò ògbufọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service kó tó di Pírímíà, ó sì jẹ́ pé lórí pèpéle ìpolongo ìbò, bóyá ni a rí ẹni tó mọ Yorùbá lò bí tirẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú àkókò rẹ̀. Àpárá, àfiwé, òwe tó ní ìdí, ọ̀rọ̀ tó bá dà bí ìyìn tó sì jẹ́ èébú, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ògúndé sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ níwájú ẹni tí kò sí Yorùbá kankan tó lè ṣì í gbọ́. Tí ó bá jẹ́ Pírímíà mìíràn ni, bóyá ó ti rẹ́rìn-ín títí tí eré fi parí, kí ẹnì kan tó wá ṣàlàyé fún un nínú mọ́tò.

Ẹ tún wò ó pé àwọn baba ńlá wa máa ń sọ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Alárìnjó lè dé àfin kó fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́, kí ọba fún un lówó. Àmọ́ Pírímíà kì í ṣe ọba, ìbò ló gbé e débẹ̀, ìbò mìíràn sì ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọba lè rẹ́rìn-ín torí ó mọ̀ pé orí ìtẹ́ lòun máa kú sí.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe eré "Yorùbá Ronú" mọ́. Èyí tí wọ́n ṣe le ju ìyẹn lọ. Nínú ìwé ìkéde ìjọba, wọ́n sọ ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé di ẹgbẹ́ tí kò bófin mu, ẹgbẹ́ tó léwu fún ìṣàkóso rere nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Apá inú òfin ọ̀daràn tí wọ́n fi mú un, irú ẹgbẹ́ òkùnkùn àti àwọn tó ń dìtẹ̀ sí ìjọba ló wà fún.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó túmọ̀ sí. Bí ìwé òfin ọ̀daràn wa ṣe là á, ẹni tó bá ń darí ẹgbẹ́ tí kò bófin mu lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 jura. Ọmọ ẹgbẹ́ lásán lè lọ ọdún 3. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé nínú ilé rẹ̀, òun náà lè lọ ọdún 3. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí Ògúndé lè gbà yọ kúrò nínú rẹ̀ nípa pípààrọ̀ eré. Kódà kó jẹ́ ìtàn ọgbà Édẹ́nì ló tún gbé jáde n'Íbàdàn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Onílù ẹgbẹ́ náà, ẹni tó ń lẹ bébà ìpolówó mọ́ ògiri, ọmọbìnrin tó ń gberin lẹ́yìn, orúkọ gbogbo wọn wà nínú ọ̀ràn. Ọlọ́jà tó ni gbọ̀ngàn, tó ti ń gba owó ìyálégbè lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún, á tilẹ̀kùn mọ́ wọn kí ọlọ́pàá má bàa wá béèrè rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n Jọ́ọ̀sì àti Kánò tó lè ṣiṣẹ́ níbí. Òjò tó ń rọ̀ níbi kan tẹ́lẹ̀ ti bo gbogbo oko.

Ẹni tí kò mọ bí ẹgbẹ́ òṣèré ṣe ń jẹun lè ní, kí ló dé, ṣé Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ni Nàìjíríà? Ọjọ́ tí òṣèré kò bá ṣeré, kò jẹun. Kò sí owó ìjọba, kò sí àjọ tó ń ṣèrànwọ́. Ọkọ̀ kan á ṣíwájú wọ ìlú, á máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde ní àdúgbò, wọ́n á lẹ bébà, lálẹ́ ẹnu ọ̀nà á ṣí, owó ẹnu ọ̀nà yẹn ni epo ọkọ̀, oúnjẹ, aṣọ eré, owó oṣù àti gbọ̀ngàn ìlú tó kàn. Ìlú tó kàn, ìlú tó kàn, bẹ́ẹ̀ lọ́dún fi ń yí. Abẹ́ òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Òṣogbo, Iléṣà, Oǹdó, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì: gbogbo ibi tí ènìyàn ti máa lóye àwàdà tó wà nínú Yorùbá láìsí àlàyé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tì. Òsósà pẹ̀lú. Ògúndé kò lè ṣeré nílùú tí wọ́n ti bí i.

Àwọn ọdún méjì náà

Èkó ló ṣẹ́kù, ìyẹn Èkó tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ́kù, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1963. Ìlà-Oòrùn àti Àríwá ṣẹ́kù. Yorùbá sì wà ní Àríwá: Ìlọrin àti Ọ̀fà kò sí lábẹ́ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n wo máàpù. Ẹni tó bá fẹ́ ti Èkó lọ sí Ìlọrin, ì báà jẹ́ mọ́tò, ì báà jẹ́ rélùwéè, Ìwọ̀-Oòrùn ló máa gbà kọjá. Rélùwéè gba Abẹ́ òkúta, ó gba Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo kó tó dé Ọ̀fà. Òṣèré tó ń gba ìlú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìlù nínú ẹrù, tí kò gbọ́dọ̀ tú u. Àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì ní ibùdókọ̀ lè mọ̀ ọ́n lójú, kí wọ́n kí i, kó dáhùn, kó máa lọ.

Ohun tí ìjọba kò lè tì ni àwo orin. "Yorùbá Ronú" jáde nínú àwo, àwo kò nílò gbọ̀ngàn. Mo mọ ilé tí wọ́n ti fi í ṣe ohun ìní, tí wọ́n wé e sínú aṣọ bíi Bíbélì ìyá àgbà. Mi ò rò pé eré náà ì bá di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ tó báyìí ká ní wọ́n jókòó wò ó parí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀, kí kálukú lọ sílé. Ọ̀pọ̀ eré Ògúndé tó dára jù ú lọ, lójú tèmi, ni àwọn ènìyàn ti gbàgbé. Èyí ni Akíntọ́lá bá a polówó.

Èsì Ògúndé kò pẹ́. Ó kọ eré mìíràn, ó pè é ní "Òtítọ́ Korò", ọ̀rọ̀ wàhálà Ìwọ̀-Oòrùn náà ni. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju orúkọ ti àkọ́kọ́ lọ. "Ronú" ṣì jẹ́ ẹ̀bẹ̀. "Òtítọ́ Korò" kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, kí ló dé tí ẹgbẹ́ náà kò fọ́? Ọdún méjì láìsí ọjà rẹ tó tóbi jù lọ, ilé iṣẹ́ wo ni kò ní dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró? Ibí ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó yẹn ti padà wá. Òfin ní kí ẹgbẹ́ túká, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọ̀hún, ilé ni. Ìjọba lè sọ pé kí òṣèré má ṣe ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Kí ni wọ́n máa sọ fún ìyàwó tó wà nílé ọkọ rẹ̀, tó ń tọ́ ọmọ, tí orin tó ń kọ bó ṣe ń gúnyán sì jẹ́ orin eré tó kọjá? Ibi tí wọ́n ti ń sùn náà ni wọ́n ti ń kọ́ eré. Owó tó bá wọlé láti Èkó, inú ìkòkò kan náà ló ń bọ́ sí. Ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí dá ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú nítorí àwọn bàbá tó ń wá mú ọmọ wọn lọ, òun ni kò jẹ́ kí ìwé Ìbàdàn rí i túká. Mi ò sọ pé ó rọrùn fún àwọn obìnrin náà. Ẹ̀tọ́ àtilọ sí ibòmíì lọ ṣiṣẹ́, èyí tí òṣèré mìíràn ní, àwọn kò ní in. Wọ́n jìyà ìfòfindè náà méjì: gẹ́gẹ́ bí òṣèré, àti gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ohun tí ọmọ máa jẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ Ògúndé nìkan ni ìtàn ń pè.

Nígbà tí ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 fi dé, Ìwọ̀-Oòrùn gan-an kò ṣe é ṣeré mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kéde pé Dẹ́mọ̀ wọlé, àwọn ènìyàn kọ̀, wẹ́tí-ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń da bẹntiróòlù sára ènìyàn, wọ́n ń dá mọ́tò dúró lójú títì lóru láti béèrè ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí òfin kò dè ńkọ́? Ọkọ̀ wọn kò lè jáde lálẹ́. Ó jọ mí lójú pé oṣù tí ìfòfindè náà kò fi bẹ́ẹ̀ pa Ògúndé lára nìyẹn, torí gbogbo òṣèré ló jọ ń jókòó sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun tó fipá gbàjọba pa Akíntọ́lá n'Íbàdàn. Àwọn kan máa ń sọ pé Ògúndé ti sọ tẹ́lẹ̀, pé ohun tó ṣe lórí ìtàgé ló ṣẹ. Awólọ́wọ̀ jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìyẹn náà wọnú ìtàn eré náà. Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òṣèré kì í ṣe aríran. Ó wo ibi tí ìlú ń lọ, ó sọ ọ́, ẹni tó bá lójú lè rí i. Pé wọ́n pa èèyàn nínú ilé rẹ̀ lóru, kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sínú eré.

Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni ìjọba ológun fi ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù kejì, kò tíì pé oṣù kan tó gorí àga, ó wọ́gi lé ìfòfindè náà. Ìwé ló lé ẹgbẹ́ Ògúndé lọ, ìwé ló sì dá wọn padà. Wọ́n lè wá gbé ìlù wọ Múṣíìn. Wọ́n lè ṣeré n'Íbàdàn, kí ẹni tó ni gbọ̀ngàn gba owó rẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Wọ́n lè lọ sí Òsósà. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje, àwọn ọmọ ogun mìíràn pa Fájuyì náà pẹ̀lú olórí ìjọba, Ironsi, tó wá ṣe àlejò rẹ̀ n'Íbàdàn.

Ní ọdún 1967, Nàìjíríà ń wá àwọn tó máa ṣojú fún un níbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé, Expo 67, ní Montreal lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ògúndé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kó ránṣẹ́.